Chlorella tó pọ́n rúsúrúsú

Chlorella, ewé omi tín-ín-tín tí mo fi ń bọ́ kòkòrò omi fún àwọn ọmọ àrọ̀ mi ní Ilé-Ifẹ̀ níbí dédé pọ́n rúsúrúsú. Aládùúgbò mi ní oòrùn ni. Irọ́ o! Ebi nitrogen, èròjà tí ewéko fi ń dàgbà, ló ń pa á. Bí nitrogen bá tán, á tú chlorophyll (àwọ̀ ewé) ara rẹ̀ jẹ, kò ní pín mọ́. Sítáàṣì àti òróró ni yóò máa kó pamọ́ sínú. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ ó rí òróró náà tó ń dán kínńkín. Mo po yúríà díẹ̀ (ajílẹ̀ tí 46% rẹ̀ jẹ́ nitrogen), mo rọra dà á sí i. Ó tún ti dúdú bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ẹ má da yúríà sínú táńkì ẹja gan-an o: ammonia olóró tí yúríà máa ń dà lè pa ọmọ ẹja.