Bí ẹ ṣe lè tọpa ìpinnu kánsù ìlú ní California kí ìbò tó dì

Ẹni tó bá dúró di alẹ́ ìpàdé kó tó wádìí ohun tí kánsù ìlú fẹ́ ṣe, ìgbà tí ọjà ti ń tú ló dé ọjà. Ní California, òfin Brown Act, tó ti wà láti ọdún 1953, ló mú un ní dandan pé kí kánsù gbé ìwé ètò ìpàdé síta, ó kéré tán ní wákàtí 72 ṣáájú ìpàdé tí wọ́n ń ṣe déédéé, àti wákàtí 24 ṣáájú ìpàdé àkànṣe. Bí ìpàdé bá jẹ́ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìwé náà gbọ́dọ̀ ti jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ kà á lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ lè fi ọjọ́ Ajé bá kánsẹ́lọ̀ yín sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì.

Apá tí wọ́n kọ Consent Calendar sí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Gbogbo ohun tó bá wà níbẹ̀ ni wọ́n ń fi ìbò kan ṣoṣo gbà wọlé láìjiyàn, ibẹ̀ náà sì ni àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìlú sábà máa ń fara pamọ́ sí, láàárín ríra táyà ọkọ̀ àti títún òpó iná ṣe. Òfin gba kánsù láyè láti jókòó ní ìdákọ́ńkọ́, kí wọ́n sì sọ ibi tí àwọn aṣojú wọn lè bá ìdúnàádúrà dé, ṣùgbọ́n àdéhùn kò lè múlẹ̀ àfi bí wọ́n bá dìbò sí i ní gbangba. Ohun tó kù fún ará ìlú nígbà náà ni kí ó ka abala Fiscal Impact (ohun tí ọ̀rọ̀ náà yóò ná ìlú), kí ó wo àpò tí owó oṣù tuntun yóò ti jáde àti iye ọdún tí yóò fi máa jáde. Bí nǹkan kan bá rú yín lójú, ẹ bẹ kánsẹ́lọ̀ yín kí ó fa ọ̀rọ̀ náà yọ fún ìjíròrò.

Ọ̀rọ̀ àtúnkọ́ ilé ló gba sùúrù jù. Ẹ wá iye ilé tí wọ́n fẹ́ wó àti irú ẹni tó ń gbé inú wọn. Òfin SB 330 ti ọdún 2019 sọ pé ilé tí àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré ń gbé kò ṣeé wó láìfi iye kan náà, ó kéré tán, rọ́pò, àti pé irú ayálégbé bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti padà sí ilé tuntun ní owó tí agbára rẹ̀ ká. Òfin kan náà ló tún so ọwọ́ kánsù: bí ilé bá bá ìlànà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ mu, wọn kò gbọ́dọ̀ pe ìpàdé lé e lórí ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá dìde tó ní ilé náà ga jù, láìtọ́ka sí ìlànà tó rú, ariwo lásán ló pa. Lójú tèmi, ìbéèrè tó lágbára jù ni ti ìdá owó tó ń wọlé fún ìdílé tí wọ́n fi ṣírò owó ilé. Owó tí ìdílé àárín ń rí ní àgbègbè náà ni wọ́n fi ń wọn ilé tí wọ́n pè ní olówó pọ́ọ́kú. Ìdá 80 nínú 100 ni wọ́n kà sí owó kékeré, ìdá 50 sì ni kékeré gan-an. Ilé tí wọ́n ṣírò lórí 80, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ títọ́jú arúgbó lè má lè san owó rẹ̀.

Ti ọgbà ìgbafẹ́ kò le púpọ̀. Òfin Quimby Act fún ìlú láṣẹ láti gba ilẹ̀ tàbí owó ọgbà lọ́wọ́ ẹni tó ń pín ilẹ̀ fún ilé kíkọ́, éékà 3 fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn, tó lè dé 5. Ẹ béèrè ibi tí owó náà wà.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí méjì ni wọ́n sábà máa ń fún ẹnì kan láti sọ̀rọ̀. Bí èrò bá pọ̀, ó lè di ẹyọ kan. Ìkíni wa gùn, ẹ fi í sílé. Ẹ dárúkọ nọ́ńbà ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ètò ìpàdé, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́: “Lórí ọ̀rọ̀ 12, mo fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ pé ayálégbé yóò mọ ọjọ́ tí yóò padà kí ó tó kó jáde.” Màmá tó bá fẹ́ fi Yorùbá sọ tirẹ̀ nípasẹ̀ ògbufọ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìlọ́po méjì àsìkò, àfi bí ẹ̀rọ bá wà tí wọ́n fi ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ bó ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Bí ìbò bá ti dì, ẹ wò ó bóyá ìpinnu lásán ni tàbí òfin ìlú. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, òfin tí kì í ṣe ti pàjáwìrì gbọ́dọ̀ padà wá fún kíkà kejì, ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, kó sì tún lo ọjọ́ 30 kó tó múlẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ kíkà kejì yẹn lọ́wọ́ akọ̀wé ìlú kí ẹ tó kúrò nínú gbọ̀ngàn.