Bí a ṣe ń ya aago ọwọ́ olówó ńlá fún eré ìdíje ọkọ̀ onígbòkun

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Láti Ẹ̀gbẹ́ dé Kàbà, títí wọ Lọ́kọ́ja, àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán ohun èlò ti pọ̀, aago ọwọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ràn láti yà jù. Ọwọ́ wọn dá ṣáṣá. Ibi tí mo ti máa ń rí i tí iṣẹ́ ń bàjẹ́ ni aago eré ìdíje ọkọ̀ onígbòkun, irú èyí tí àwọn olówó ayé ń rà. Wọ́n á ya ìdákọ̀ró sójú aago, wọ́n á fi àwọ̀ omi òkun kùn ún, wọ́n á kọ orúkọ ìdíje kan sẹ́yìn rẹ̀, ó tán. Atukọ̀ ò lè fi irú aago bẹ́ẹ̀ ṣe ohunkóhun. Nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún tó ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ eré ni wọ́n ṣe dá aago yìí sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo máa pẹ́ sí jù.

Ẹ mọ eré náà kí ẹ tó mú pẹ́ńsùlù

Ọkọ̀ onígbòkun ò ní bíréèkì. Kò lè dúró sójú ìlà bí asáré. Ṣe ni gbogbo wọn máa ń yí kiri lẹ́yìn ìlà, oníkálukú ń wá àyè, kó lè jẹ́ pé ìgbà tí àkókò bá pé gan-an ni imú ọkọ̀ rẹ̀ máa kọjá ìlà pẹ̀lú eré àsápajúdé.

Òfin World Sailing, àjọ tó ń darí eré ọkọ̀ onígbòkun lágbàáyé, là á kalẹ̀ báyìí. Bó bá ku ìṣẹ́jú 5, wọ́n á ta àsíá àkọ́kọ́ sókè. Bó bá ku 4, wọ́n á ta ìkejì. Bó bá ku 1, wọ́n á sọ ìkejì yẹn kalẹ̀. Bí àsíá àkọ́kọ́ náà bá wálẹ̀, eré bẹ̀rẹ̀. Ìró ìbọn tàbí fèrè máa ń bá a rìn, ṣùgbọ́n àsíá ni òfin ní kí wọ́n fi ka àkókò, ó sì tọ̀nà, nítorí ìró ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3 kó tó rin kìlómítà kan. Ẹni tó bá kọjá ìlà ṣáájú àkókò gbọ́dọ̀ padà wá bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bó bá jẹ́ àsíá dúdú ni wọ́n ta, ẹni tó bá ti kọjá síwájú ìlà ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn ti jáde nínú eré yẹn, wọn ò tilẹ̀ ní gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ tó ń sáré nọ́ọ̀tì 10 ń rin nǹkan bíi mítà 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn AC75 tí wọ́n fi ń díje America's Cup, tí wọ́n ń gbéra sókè lórí ìyẹ́ abẹ́ omi, ń kọjá nọ́ọ̀tì 40, ìyẹn ju mítà 20 lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń pinnu bí ọwọ́ aago ṣe máa rí.

Ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yàn

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ojú aago. Ẹ wá àwòrán ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Valjoux 7750 tí wọ́n ti ń lò láti àwọn ọdún 1970 ló wọ́pọ̀ jù nínú chronograph, ìyẹn aago tó ní bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ láti fi ka àkókò: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 30, nínípọn rẹ̀ 7.9, ó ń lù nígbà 28,800 láàárín wákàtí kan. Bí ẹ bá fi ojú aago, àwọn ọwọ́, gíláàsì àti ìdérí ẹ̀yìn kún un, gbogbo rẹ̀ á súnmọ́ mílímítà 14. Ẹni tó bá ya aago tó tín-ín-rín bíi bisikí tó sì kọ 7750 sábẹ́ rẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ á ti já a kalẹ̀ kó tó wo ojú ewé kejì.

Iná ọba ò ṣeé gbára lé, nítorí náà mo máa ń ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé onílà ṣáájú, pẹ́ńsùlù 2H fún ìlà, HB fún òjìji. Kọ́ńpáàsì onírin ni kẹ́ ẹ rà, ti oníke máa ń sún. Tó bá kan kọ̀ǹpútà, Inkscape àti FreeCAD tó, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn méjèèjì.

Kíkà sẹ́yìn

Bí iṣẹ́ yìí bá máa gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ fi méjì fún apá yìí nìkan.

Chronograph lásán ń ka àkókò tó ti kọjá. Àkókò tó kù ni atukọ̀ ń béèrè. Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé ayàwòrán á mú ojú kékeré tó ń ka ìṣẹ́jú 30 lórí 7750, á kọ 5, 4, 3, 2, 1, 0 sí i, á rò pé òun ti ṣe tán. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Atukọ̀ tẹ bọ́tìnnì nígbà tí àsíá àkọ́kọ́ gòkè. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 20, ọwọ́ kékeré ṣì wà lórí 5, nítorí kò ní fò sórí ìlà tó kàn àfi bí ìṣẹ́jú kan bá pé. Ọwọ́ gígùn wà lórí 20. Márùn-ún àti ogún ni ojú máa kà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kù. Ẹni tí omi ń fọ́n sí lójú, tí ọkọ̀ mìíràn ń rọ́ bọ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, kò ráyè ṣe ìṣirò kankan.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ẹ̀yin náà ṣe é. Níbi tí ọwọ́ kékeré ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ 4. Ẹ fi 3, 2, 1, 0 tẹ̀ lé e, kí ẹ wá ya àsíá kékeré sí ìlà kẹfà. Ẹ wá kọ nọ́ńbà ìṣẹ́jú àáyá sẹ́yìn-sẹ́yìn yí ojú aago ká: 60 lókè, 45 níbi tí 3 máa ń wà, 30 nísàlẹ̀, 15 níbi tí 9 máa ń wà. Kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì, aago ń ka 4 àti 60, ìṣẹ́jú 5 gééré nìyẹn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 20, ó ń ka 4 àti 40. Ohun tí ojú rí náà ni àkókò tó kù.

Ìyẹn ò tíì tán ìṣòro. Ojú kékeré yẹn pín sí ọgbọ̀n, ìṣẹ́jú 5 sì gba ìdá kan péré nínú mẹ́fà rẹ̀. Bí ọwọ́ kékeré bá gùn ní mílímítà 3, àárín ìlà kan sí èkejì kò ju nǹkan bíi mílímítà 0.6 lọ. Kò sẹ́ni tó lè ka nọ́ńbà tó tó bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń mì. Ayàwòrán ò mọ̀, nítorí ó ti fẹ àwòrán náà lójú kọ̀ǹpútà títí ó fi tóbi. Òfin mi ni pé nọ́ńbà kíkà sẹ́yìn kò gbọdọ̀ kéré sí mílímítà 2 lára aago gan-an.

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni kí ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú wà ní àárín ojú aago, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá, bí ti ẹ́ńjìnnì Lemania 5100 àtijọ́. Èkejì, èyí tí mo fẹ́ràn jù, ni ihò róbótó márùn-ún lórí ojú aago, tí àwo kan ń yí lábẹ́ wọn, tí àwọ̀ inú ihò ń yí padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ aago Aquastar àti àwọn mìíràn ti ń ṣe é láti àwọn ọdún 1960. Ihò tó bá ṣì kún ni ìṣẹ́jú tó kù, èyí tó ń ṣẹ́ ni ìṣẹ́jú tí a wà nínú rẹ̀. Kò gba nọ́ńbà rárá. Ẹ jẹ́ kí ihò kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mílímítà 2.5, kí àlàfo mílímítà 1 wà láàárín wọn, 16.5 ni gbogbo rẹ̀, ó sì gba ojú aago dáadáa. Àwo yẹn gbọ́dọ̀ yára yí ju ọwọ́ ìṣẹ́jú 30 lọ, nítorí náà ẹ fi àyè sílẹ̀ fún jíà, kí ẹ sì fi mílímítà 1 kún ìnípọn.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọ̀. Pupa àti ewé ni gbogbo ènìyàn máa ń sáré mú. Láàárín àwọn ọkùnrin tí ìran wọn wá láti àríwá Yúróòpù, nǹkan bí ẹnì kan nínú méjìlá ni kò lè ya àwọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ dáadáa, àwọn náà sì wà lára ẹni tó ń ra aago yìí jù. Ẹ lo àwọ̀ ọsàn lórí aró dúdú. Mi ò tíì rí èyí tó dára jù ú lọ lójú oòrùn.

Ibi tó kù tó máa ń gbé iṣẹ́ ṣubú ni àtúnbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó pàdánù àsíá ìṣẹ́jú 5 á dúró de ti 4. Ẹni tó fi ìṣẹ́jú àáyá 3 pẹ́ tẹ bọ́tìnnì á fẹ́ ṣàtúnṣe nígbà tí àsíá kejì bá gòkè, láìdá aago dúró. Àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán á ní, "Ẹ̀gbọ́n, flyback ni mo fi sí i." Flyback lásán á gbé gbogbo ọwọ́ padà síbẹ̀rẹ̀, aago á ní ìṣẹ́jú 5 ló kù nígbà tó jẹ́ pé 4 ló kù! Ohun tí a fẹ́ ni kí ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá padà sí òkè, kí ti ìṣẹ́jú sì bọ́ sórí ìṣẹ́jú tó sún mọ́ ọn jù. Yacht-Master II tí Rolex gbé jáde lọ́dún 2007 ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí olówó rẹ̀ yan iye ìṣẹ́jú, láti 1 dé 10. Ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ wọ́n. Bí agbára yín kò bá gbé e, tó sì jẹ́ nọ́ńbà lẹ lò, ẹ kọ ìlà kejì tó bẹ̀rẹ̀ láti 3 sábẹ́ ti àkọ́kọ́, ní àwọ̀ mìíràn, fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti orí àsíá kejì. Owó ọ̀dà nìkan lẹ máa ná.

Lẹ́yìn àsíá, eré ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ fi ìlà ìṣẹ́jú àáyá tó ń lọ síwájú sí etí ìta, tẹ́ẹ́rẹ́, ní funfun, kó má bá ti inú jà.

Bọ́tìnnì

Ọwọ́ tó tutù, tó wọ ìbọ̀wọ́, ló máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí orí bọ́tìnnì fẹ̀, kí ẹ gé ìlà wẹ́wẹ́ sí i kó má yọ̀. Kí ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ yàtọ̀ lábẹ́ ìka. Ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun yọ ṣóńṣó tí okùn ìgbòkun lè kọ́.

Ara aago

Apá yìí rọrùn. Láti ọdún 1972 tí ilé iṣẹ́ aago Audemars Piguet ti fi irin lásán ṣe aago Royal Oak tí Gérald Genta yà, ayé ti gbà pé aago eré ìdárayá kò nílò wúrà kó tó di olówó ńlá. Ibi tí irin didán ti pàdé irin tí a fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ni owó wà: kí etí tó pààlà láàárín wọn gé gẹ́rẹ́, kó sì dọ́gba yíká. Irin 316L ni kẹ́ ẹ lò, tàbí titanium tí ìwúwo rẹ̀ fi díẹ̀ ju ìlàjì ti irin lọ. Kókó tí a fi ń yí aago gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ onísúkúrù, gíláàsì gbọ́dọ̀ jẹ́ sáfáyà, kí aago náà gba omi dé mítà 100 ó kéré tán.

Okùn rẹ̀, rọ́bà ni. Àwọn kan máa ń fẹ́ fi aṣọ òfì ṣe é kó lè jọ ti ilé. Aṣọ ń fa omi iyọ̀ mu, á sì máa rùn. Bó bá jẹ́ ojú ọnà òfì náà lẹ fẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ sára rọ́bà. Ẹ fi ti aṣọ ìpo àwọn ará Bùnú sílẹ̀, torí ìsìnkú ìjòyè àti egúngún ni wọ́n ń fi í ṣe, kì í ṣe ohun tí à ń so mọ́ ọwọ́ kiri.

Ìdánwò

Ẹ tẹ ojú aago jáde ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Ẹ lẹ páálí mọ́ra wọn títí á fi nípọn tó mílímítà 14 tàbí 15, kí ẹ lẹ ojú náà mọ́ ọn, kí ẹ so ó mọ́ ọwọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ gun ọ̀kadà láti Kàbà dé Ìyàrà lẹ́yìn ọlọ́kadà, kí ẹ máa gbìyànjú láti kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un lọ sí etí omi ní Lọ́kọ́ja, níbi tí Ọya àti Benue ti pàdé, ní ọ̀sán gangan, kí ẹ wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Kò sí yàrá ìdánwò tó dà bíi rẹ̀ nítòsí wa. Ẹ wọ ìgò oòrùn. Ẹ gbé ọ̀rá piọ́ wọ́tà tó ní omi díẹ̀ lé ojú aago náà, á dà bí ìgbà tí omi dà sórí gíláàsì.

Ẹ ya ojú aago bíi mẹ́fà tí ọwọ́ wọn wà níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan han ẹni tí kò rí i rí, kí ẹ ka ení, kí ẹ bò ó, kí ẹ bi í léèrè iye tó kù. Ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ ló dára jù láti bi, torí ojú rẹ̀ wà lórí omi. Bó bá ṣi ọ̀kan kà, ẹ padà sí apá kíkà sẹ́yìn, ẹ má fọwọ́ kan ara aago rárá. Bó bá gba gbogbo wọn, ẹ ya àwòrán ìkẹyìn láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti ní gígé láàárín, kí ẹ kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sí i ní mílímítà, kí ẹ sì fi ojú aago kan tó wà ní ìwọ̀n gidi sí ìsàlẹ̀ ewé náà kí ẹni tó máa gbà á lè gé e, kó gbé e lé ọwọ́ rẹ̀.