Bí A Ṣe Ń Bọ́ Ẹṣin Tó Ti Darúgbó, àti Fítámì Tó Nílò

Ẹṣin tó bá ti ń sún mọ́ ogún ọdún kì í rí oúnjẹ lò bíi ti ìgbà èwe rẹ̀ mọ́. Eyín ti ń tán lẹ́nu rẹ̀, agbára ìfun rẹ̀ náà sì ti dín kù. Bí egungun ìhà bá wá yọ, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin ẹṣin ní Kábbà, Ìsánlú, Mọ́pà àti Ẹ̀gbẹ̀ a sáré lọ ra ike fítámì. Fítámì wúlò lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló yẹ kó kẹ́yìn.

1. Ẹ yẹ ẹnu àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò

Eyín ẹṣin máa ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú èrìgì, bíi mìlímítà 2 sí 3 lọ́dún, bí jíjẹ koríko ṣe ń jẹ ẹ́ lórí. Tó bá yá, kò ní sí èyí tó kù láti yọ. Ẹ wo ilẹ̀ níbi tó ti ń jẹun. Bí ẹ bá rí koríko tó rún jọ ṣùṣù, tó rẹ fún itọ́, tó sì tu dànù, kò lè lọ̀ ọ́ mọ́ nìyẹn. Ẹ tú ìgbẹ́ rẹ̀ wò pẹ̀lú: odidi hóró àgbàdo inú rẹ̀ ń sọ ohun kan náà. Kí dókítà ẹran máa fi fáìlì rẹ́ eyín tó bá mú ṣóńṣó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán.

Lọ́jọ́ yẹn náà, kó gba ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ fún àyẹ̀wò. Eṣinṣin tsetse wà nílẹ̀ wa, kòkòrò tó sì ń gbé sínú ẹ̀jẹ̀ máa ń mú kí ẹṣin rù, kí èrìgì rẹ̀ funfun, kí ara rẹ̀ máa gbóná lemọ́lemọ́. Kò sí fítámì tó ń wo ìyẹn. Abẹ́rẹ́ iron tí àwọn kan ń gún un kó lè ní ẹ̀jẹ̀ kò ní ṣe nǹkan kan fún un, torí iron tó wà nínú koríko tó o, ó tún ṣẹ́kù. Abẹ́rẹ́ náà sì lè pa á lójijì.

2. Ẹ mọ bó ṣe wúwo tó

Ẹ fi okùn yí àyà rẹ̀ ká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ fi wọn ara rẹ̀ láti ṣóńṣó èjìká dé ìdí. Ẹ sọ méjèèjì di sẹ̀ǹtímítà. Àyà lọ́nà àyà, lọ́nà gígùn, kí ẹ pín in sí 11,880: kìlò rẹ̀ nìyẹn. Bí méjèèjì bá jẹ́ 150, ẹṣin náà á tó kìlò 284.

3. Ẹ po oúnjẹ tí kò ní fẹ́ eyín púpọ̀

Ẹṣin tó wọn kìlò 300 nílò oúnjẹ gbígbẹ kìlò 4.5 sí 6 lójúmọ́. Omi ló pọ̀ jù nínú koríko tútù, nítorí náà kìlò 4 rẹ̀ ni ẹ máa kà sí kìlò 1.

Èyí tó bá ilẹ̀ wa mu nìyí: ewé ẹ̀pà gbígbẹ kìlò 2, dúsà (èérí ọkà) kìlò 1.5, sóyà yíyan tí a lọ̀ gíráàmù 300, àti koríko tútù kìlò 8 tí a gé kéékèèké. Sóyà tútù kò dára, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ara lo èròjà oúnjẹ. Ẹ bomi sí dúsà, sóyà àti ewé ẹ̀pà títí wọn á fi rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ki, kí ẹ fi sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan, kí ẹ wá pín in sí mẹ́rin. Èyí tó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù, torí ooru á ti jẹ́ kó kan.

Dúsà gbígbẹ a máa há ẹṣin àgbà lọ́nà ọ̀fun. Bí oúnjẹ àti itọ́ bá ń dà ní imú rẹ̀, ẹ gbé oúnjẹ kúrò, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu, ẹ pe dókítà. Ewé ẹ̀pà tó bá bu dànù kò ṣeé fún un. Fífọ̀ kì í mú májèlé rẹ̀ kúrò.

Dúsà ní phosphorus púpọ̀, calcium rẹ̀ kéré. Eèsún àti irú koríko bẹ́ẹ̀ tún ní ohun tó ń dè calcium mọ́lẹ̀, èyí tó lè mú kí egungun ojú ẹṣin wú. Ewé ẹ̀pà ló ń dí àlàfo náà. Lásìkò tí kò bá sí, ẹ fi gíráàmù 30 limestone lílọ̀ tí wọ́n ń tà fún àwọn olùsìn adìyẹ sí i lójúmọ́. Ẹ fi iyọ̀ ṣíbí ìjẹun kan sí i, kí omi mímọ́ lítà 20 sí 30 sì wà níwájú rẹ̀.

4. Fítámì wo ló kù?

Kòkòrò inú ìfun ń ṣe B àti K, ẹ̀dọ̀ ń ṣe C, oòrùn ń ṣe D. A àti E ló kù, inú koríko tútù sì ni méjèèjì wà. Láti oṣù April dé October, kò sí ìṣòro. Láti November dé March, nígbà tí iná bá ti jó igbó tán, A tó ti kó pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ lè gbé e fún oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n E tètè ń tán, koríko gbígbẹ kò sì ní i mọ́.

Fítámì E ni kí ẹ ra. IU (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka fítámì) 1 sí 2 fún kìlò ara kọ̀ọ̀kan ló tó: fún ẹṣin kìlò 300, kápúsù 400 IU kan lójúmọ́. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ d-alpha-tocopherol sí, kì í ṣe dl-, torí ara ń lo ti àkọ́kọ́ dáadáa. Ẹ lu kápúsù náà, ẹ fún un sínú oúnjẹ pẹ̀lú òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà, torí láìsí ọ̀rá, ara kì í gbà á dáadáa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ òróró pẹ̀lú ṣíbí kan, kí ẹ máa fi kún un títí yóò fi di mílílítà 50. Ní ti A, koríko tútù kìlò 2 láti etí odò lójúmọ́ ti tó o. Àpọ̀jù rẹ̀ máa ń ba egungun jẹ́, nítorí náà ẹ má da oríṣi fítámì méjì tó ní A pọ̀.

Bákan náà ni selenium, èròjà kan tí ara nílò díẹ̀ gan-an: mílígíráàmù 1 lójúmọ́ ló pọ̀ jù tí ẹ nílò. Bí ike méjì bá ní i, ẹ yọ ọ̀kan. Àpọ̀jù rẹ̀ ló ń mú gọ̀gọ̀ àti irun ìrù já, tó sì ń ya pátákò.

Ẹ má fi premix (àpòpọ̀ èròjà tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ adìyẹ) tàbí oúnjẹ adìyẹ bọ́ ẹṣin láé. Oògùn monensin tàbí salinomycin tí wọ́n ń fi sí òmíràn nínú wọn ń ba iṣan ọkàn ẹṣin jẹ́, ìwọ̀n tí adìyẹ ń jẹ láìṣe é ní nǹkan kan sì lè pa ẹṣin.

5. Ẹ yí oúnjẹ padà díẹ̀díẹ̀

Ọjọ́ 10 sí 14 ló yẹ kó gbà, kí inú má baà rún un. Ẹ máa fi okùn wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ méjìméjì. Bí irun rẹ̀ bá gùn, tó wé, tí kò sì já, tí pátákò tún ń gbóná, ẹ dín dúsà kù, kí ẹ sì pe dókítà. Bó bá jẹun dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí okùn náà kò yí padà, ẹ tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò kí ẹ tó fi oúnjẹ kún un.