Bí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ Ṣe Lè Béèrè Owó Ìrànwọ́ fún Àwọn Olùbẹ̀wò Ojú Irin

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu àtúnṣe òfin tó yọ ọ̀rọ̀ rélùwéè kúrò lábẹ́ àṣẹ ìjọba àpapọ̀ nìkan, tí ìpínlẹ̀ náà fi láṣẹ láti ṣòfin lórí rẹ̀. Mo kọ ìlànà yìí fún ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ọba, ẹ̀yin aṣòfin àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí ẹ fẹ́ béèrè owó ìrànwọ́ láti fi gba olùbẹ̀wò ààbò ojú irin síṣẹ́. Lóòótọ́, ojú irin àtijọ́ yà gba Òṣogbo àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, kò kan ìlú wa méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó gba Lálúpọn kọjá, tuntun tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 2021 ti Èkó wá dé Mọ́níyà, nínú ìpínlẹ̀ wa kan náà.

Ẹ kọ́kọ́ ka bí wọ́n ti ṣe é ní Amẹ́ríkà. Òfin ààbò rélùwéè tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́dún 1970 gbà kí ìpínlẹ̀ ní olùbẹ̀wò tirẹ̀, kí ìjọba àpapọ̀ sì máa san tó ìdajì owó tí iṣẹ́ náà bá ná an. Owó ìdajì yẹn kò tọ́jọ́. Lónìí, ìpínlẹ̀ ló ń san owó oṣù. Federal Railroad Administration, àjọ ìjọba àpapọ̀ wọn, ló ń dá àwọn olùbẹ̀wò lẹ́kọ̀ọ́, tó sì ń yẹ ìmọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan wò kó tó jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ní California, ọwọ́ àwọn iléeṣẹ́ rélùwéè ni ìpínlẹ̀ ti ń gba owó tó fi ń ṣe é. Nítorí náà, mo rọ̀ yín gidigidi pé kí ẹ má ṣe gbé owó oṣù lé owó ìrànwọ́. Ẹ béèrè owó ẹ̀kọ́, irinṣẹ́ àti ọkọ̀. Kí owó oṣù wà nínú ètò ìṣúná ìpínlẹ̀, nítorí pé olùbẹ̀wò tí a kọ́ tán tí a kò rí owó san fún yóò wá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Ohun tó yẹ kó ṣáájú nínú ìwé yín ni àkọsílẹ̀ ohun tó wà nílẹ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ Iléeṣẹ́ Rélùwéè Nàìjíríà, kí òṣìṣẹ́ wọn sì bá yín rìn, torí pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá rìn lórí ojú irin. Níbi gbogbo tí ọ̀nà mọ́tò ti dábùú ojú irin, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ìdènà wà níbẹ̀, bóyá awakọ̀ lè rí ọkọ̀ ojú irin láti òkèèrè, bóyá àwọn tó ń tajà ti pàtẹ sún mọ́ irin, àti bí èrò ṣe máa ń pọ̀ tó lọ́jọ́ ọjà. Ẹ ya àwòrán ibẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé fífẹ̀ ojú irin méjèèjì kò dọ́gba: ti Lálúpọn jẹ́ mìlímítà 1,067, ti Mọ́níyà jẹ́ 1,435, nítorí náà irinṣẹ́ ìwọn tí ẹ ó béèrè gbọ́dọ̀ bá méjèèjì mu.

Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ irú ẹni tí ẹ fẹ́ gbà. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó mọ̀ nípa ojú irin fúnra rẹ̀ kò láṣẹ láti yẹ iná àmì tàbí ẹ̀yà ara ọkọ̀ wò àfi bó bá gba ẹ̀kọ́ ìyẹn pẹ̀lú; ẹ̀ka ọ̀tọ̀ wà fún bí òṣìṣẹ́ ṣe ń wa ọkọ̀ àti fún ẹrù olóró. Ìpín yìí ṣe pàtàkì. Ní East Palestine, ìpínlẹ̀ Ohio, ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 2023, ọkọ̀ ẹrù 38 yẹ̀ kúrò lórí irin lẹ́yìn tí bẹ́árìnì ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn gbóná kọjá ààlà. Ẹni tó mọ ojú irin nìkan kò lè rí irú àléébù bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ ní LAUTECH wà nítòsí wa, wọ́n sì lè wà lára àwọn tí ẹ ó kọ́kọ́ pè fún ìdánwò.

Àwọn tí ẹ bá béèrè owó lọ́wọ́ wọn yóò bi yín pé ṣebí NSIB, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí jàǹbá ọkọ̀, ti wà. Ẹ dá wọn lóhùn pé lẹ́yìn tí jàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀ ni NSIB ń ṣèwádìí, gẹ́gẹ́ bó ti rí nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kọlu bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba l'Ékòó ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ẹni tí à ń wá ni ẹni tí yóò dé ibẹ̀ ṣáájú jàǹbá.

Ẹ fi àdéhùn kan kún ìwé náà, tí yóò sọ ẹni tí olùbẹ̀wò ń jábọ̀ fún, iye ọjọ́ tí iléeṣẹ́ rélùwéè ní láti fi tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, àti ẹni tó láṣẹ láti bu owó ìtanràn. Gómìnà tàbí kọmíṣọ́nnà tó ń rí sí ìrìnnà ló yẹ kó buwọ́ lù ú. Ní ìparí ọdún ni wọ́n sábà máa ń gbé àbá ìṣúná lọ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ẹ rí i pé ìwé yín dé ọ̀dọ̀ kọmíṣọ́nnà ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, kí owó oṣù àwọn olùbẹ̀wò lè wọ inú àbá náà kí wọ́n tó dì í.