Oúnjẹ àti Agbára Àwọn Ẹyẹ Etí Omi Tó Ń Wá Lo Ẹ̀ẹ̀rùn Lọ́dọ̀ Wa: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Agbo Ilé ní Òṣogbo

Láti oṣù Ògún, nígbà tí ìlú Òṣogbo bá ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun, ni àwọn ẹyẹ kéékèèké kan ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ sí etí omi wa. Ẹ lè rí wọn ní bèbè odò nítòsí afárá Gbódòfọ́n, ní àkùrọ̀ tí a ti ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, ní etí omi Erinlẹ̀ tí a sé nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá fà á sẹ́yìn, àti lẹ́bàá adágún tí a ti ń sin ẹja àrọ̀. Ẹ̀yìn wọn jọ àwọ̀ ẹrẹ̀, ikùn wọn funfun, àgógó wọn tọ́ gbọọrọ, ẹsẹ̀ wọn sì gùn ju ti ẹ̀gà lọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jùlọ nínú wọn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní common sandpiper, kì í yé mi ìdí sókè sódò bó ti ń rìn. Ilẹ̀ Yúróòpù àti apá àríwá Éṣíà ni wọ́n ti ń pamọ. Kí òtútù tó mú kí ilẹ̀ ibẹ̀ dì gbagidi tí àgógó ẹyẹ kò fi ní lè wọ̀ ọ́ mọ́, wọn a ti forí lé ọ̀nà gúúsù. Nígbà tí oṣù Igbe bá fi máa parí, ọ̀pọ̀ wọn ti padà.

Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀ ni pé ẹyẹ tí ẹ rí tó ń ṣa nǹkan jẹ nínú ẹrẹ̀ yín kò wá ṣeré. Owó ọkọ̀ ló ń kó jọ. Ọ̀rá ara rẹ̀ ni owó ọkọ̀ náà, gbogbo ìgbà tí a bá sì lé e fò láìnídìí, inú owó yẹn ló ti ń ná an.

Ohun tí ara wọn ń béèrè

Bí ìkòkò kékeré ṣe ń yára tutù ju ìkòkò ńlá lọ nígbà tí a bá gbé wọn kúrò lórí iná, bẹ́ẹ̀ ni ara ẹyẹ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju bíi gíráàmù 50 lọ, èyí tí í ṣe ìwọ̀n ẹyin adìẹ kékeré kan, ṣe ń yára pàdánù ooru. Nítorí náà kò lè fara da ebi bí ẹran ńlá ṣe ń fara dà á. Ooru ilẹ̀ wa ràn án lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí pé agbára tí ì bá fi gbógun ti òtútù Yúróòpù lè lọ sí ibòmíràn. Ibòmíràn náà ni ìyẹ́. Ìyẹ́ apá tí wọ́n fi rin ìrìn àjò wá ti gbó, ó ti ya létí, àwọn àgbà inú wọn sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ ní ẹyọ nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ wa. Irú ohun tí èékánná wa jẹ́ ni ìyẹ́, purotéènì ni a sì fi ń ṣe é. Ẹyẹ tí kò bá rí kòkòrò jẹ tó kò lè rí ìyẹ́ tó dára wọ̀.

Nígbà tí ìyẹ́ bá ti pé ni ọ̀rá ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá láti oṣù Ẹrẹ́nà wọ Igbe. Gíráàmù ọ̀rá kan ń mú agbára tó tó kìlókálórì 9 wá, nígbà tí gíráàmù sítáàṣì tàbí purotéènì kan ń mú bíi 4 péré wá. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, sítáàṣì tí ara bá tọ́jú máa ń fa omi mọ́ra, ó tó gíráàmù omi 3 fún gíráàmù kan, ṣùgbọ́n ọ̀rá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní omi nínú rárá. Ẹni tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn kò ní ru fùfú tútù nígbà tí gàrí wà nílé. Aṣálẹ̀ Sàhárà, tí ìbú rẹ̀ láti gúúsù dé àríwá tó 1,500 kìlómítà, wà níwájú ẹyẹ yìí, oúnjẹ àti omi sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Àwọn kan nínú ìdílé rẹ̀ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara wọn kí wọ́n tó gbéra, iwe àti ìfun wọn a sì sún kì kí ẹrù lè fúyẹ́. Ní ọdún 2022, ọ̀kan nínú wọn tí a so ẹ̀rọ mọ́ lára, tó jẹ́ irú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní bar-tailed godwit, fò láti Alaska ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé Tasmania ní ilẹ̀ Australia láìsọ̀ kalẹ̀, 13,560 kìlómítà ní ọjọ́ 11. Ọ̀rá ara rẹ̀ ló ná tó fi dé ibẹ̀.

Ní etíkun Mauritania, níbi tí wọ́n ń pè ní Banc d'Arguin, bíi mílíọ̀nù 2 irú ẹyẹ etí omi báyìí ló ń péjọ lọ́dọọdún. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún ni, nítorí pé èyí tó ń mi ìdí yẹn sábà máa ń gba bèbè tirẹ̀, á sì máa lé ẹlòmíràn kúrò níbẹ̀. Ó tún lè padà sí ibi kan náà lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹyẹ tí ẹ rí lẹ́yìn ọgbà yín lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá lè jẹ́ òun náà lẹ tún ń rí yìí.

Ohun tí wọ́n ń jẹ àti ohun tí wọn kì í jẹ

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí ọyẹ́ mú gan-an, mo wà ní àkùrọ̀ kan nítòsí odò Ọ̀ṣun. Màmá tó ni adágún ẹja níbẹ̀ nawọ́ sí ẹyẹ kan lórí bèbè, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi lé ẹyẹ yìí o, òun ló ń kó ọmọ ẹja mi jẹ." Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká wò ó díẹ̀ ná, Mà." A jókòó sórí korobá tí a dojú rẹ̀ dé. Ẹyẹ náà sáré díẹ̀, ó dúró, ó mi ìdí, ó ki àgógó bọ inú omi tó dá sí ojú ẹsẹ̀ màlúù, ó yọ tanwíji kan, ó gbé e mì. Ó tú ewé tẹ̀tẹ̀ tó ti rà, ó fa ekòló tínínrín kan jáde, ó fi omi ṣàn án kó tó gbé e mì. Kò tilẹ̀ wo inú adágún. Lórí okùn tí Màmá ń sá aṣọ sí ni ẹyẹ apẹja aláwọ̀ aró kan bà lé. Òun ló já ṣòòròṣò wọ omi, tó sì gbé ọmọ ẹja kan lọ lójú wa. Màmá ní, "Háà, aláìṣẹ̀ la ti ń lé láti ọjọ́ yìí."

Tanwíji, ekòló, ọmọ lámilámi tó ṣì wà nínú omi, ìdin inú ẹrẹ̀ àti ìṣáwùrú kéékèèké ni oúnjẹ wọn. Wọn kì í jẹ ìrẹsì bí ẹ̀gà, wọn kì í sì í hú irúgbìn. Bí ẹ bá da gàrí tàbí búrẹ́dì sílẹ̀ fún wọn, wọn kò ní jẹ ẹ́, eku ni yóò jẹ ẹ́. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń jẹun nìkan ni a lè tọ́jú fún wọn.

Bí a ṣe lè tọ́jú ilẹ̀ náà

Àwọn ẹyẹ yìí kì í lúwẹ̀ẹ́ wá oúnjẹ, ibi tí ẹsẹ̀ wọn bá kanlẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, nítorí náà omi tí kò ju gígùn ìka ọwọ́ kan lọ ni ó wúlò fún wọn. Bí ẹ bá ń palẹ̀ bèbè àkùrọ̀ mọ́, ẹ fi apá kan sílẹ̀ ní ẹrẹ̀ gbalasa, ẹ má gbin nǹkan dé ẹnu omi, ẹ má sì jẹ́ kí koríko gíga bo gbogbo rẹ̀, nítorí ẹyẹ tí kò bá lè rí àṣá lókèèrè kò ní fọkàn balẹ̀ jẹun. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja, nígbà tí ẹ bá ti kó ẹja tán tí ẹ sì fa omi adágún gbẹ, ẹ fi ẹrẹ̀ tútù náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó da ẹfun sí i. Bí adágún yín bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ má fa gbogbo wọn gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọ̀n tí ẹ fi bo adágún nítorí ẹyẹ apẹja gbọ́dọ̀ le dan-in, nítorí àwọ̀n tó bá rọ̀ jọwọrọ ni ẹsẹ̀ ẹyẹ máa ń há sí. Ẹ kó àkísà àwọ̀n kúrò ní bèbè.

Ọ̀rọ̀ oògùn apakòkòrò ló ń kọ mí lóminú jù. Oògùn tó pa tanwíji ti pa oúnjẹ ẹyẹ, ẹyẹ tó bá sì jẹ kòkòrò tó ti mu oògùn lè kú lójú ọ̀nà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Ẹ má fín oògùn dé etí omi, ẹ má sì ṣan táńkì oògùn sínú odò tàbí kòtò tí ẹ ti ń pọn omi bomi rin ẹ̀fọ́. Àwọn ọmọ wa náà ń jẹ ẹ̀fọ́ yẹn.

Omi Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ti yí àwọ̀ láti ìgbà tí ìwakùsà góòlù ti pọ̀ ní apá Ìjẹ̀ṣà. Ẹrẹ̀ tó ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ irú omi bẹ́ẹ̀ máa ń bo ojú òkúta, kòkòrò tó ń gbé abẹ́ rẹ̀ kò sì ní ibi tí yóò ti mí. Èyí ju agbára àgbẹ̀ kan lọ, ó sì dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìdí nìyí tí àkùrọ̀ àti adágún yín fi ṣe pàtàkì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nípa kànnàkànnà àti rọ́bà, kí ẹ sì so ajá mọ́lẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Fífò ń jẹ agbára ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po ju kí ẹyẹ dúró lọ, kò sì lè jẹun nígbà tó bá wà lófuurufú, nítorí náà ìpàdánù méjì ló ń bá a lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe, bí ẹ bá ní iṣẹ́ láti ṣe ní bèbè, ẹ ṣe é tán ní apá kan kí ẹ tó bọ́ sí apá kejì, kí ẹyẹ lè máa rí ibì kan jẹun.

Nígbà mìíràn, ẹ lè rí ẹyẹ tó ní òrùka irin lẹ́sẹ̀. Bó bá wà láàyè, ẹ má mú un, ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ láti òkèèrè. Bó bá ti kú, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án, nítorí àrùn lukúlukú ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2006. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù bọ ọwọ́, ẹ ya fọ́tò òrùka náà kí gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀ hàn, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ilé ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis tó wà ní Jos, tàbí kí ẹ kó o fún òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ tó ń wá sí oko yín.