Kí ẹ tó ra converter láti fi ya ẹyẹ

Àwa tí a ń ya fọ́tò òde n'Íbàdàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé lẹ́ǹsì kan náà ló wà lọ́wọ́ gbogbo wa: 70-200mm f/2.8. (Bí mm bá ṣe pọ̀ tó ni ohun tó jìnnà ń tóbi tó nínú fọ́tò; bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ń pọ̀ tó.) Òun la fi ń mú ojú ìyàwó láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, òun la fi ń mú owó tí wọ́n ń ná lé alága ìdúró lórí. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ya ẹyẹ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí òde ò sí, mo ní ó ti parí, lẹ́ǹsì wà nílẹ̀. Mo dé etí omi Ẹlẹ́yẹlé (orúkọ ibẹ̀ pàápàá, ẹyẹ wà nínú rẹ̀), mo na lẹ́ǹsì sí lékeléke kan, mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà nílé, lékeléke mi ò ju hóró ìrẹsì lọ.

Bí mo ṣe lọ ra converter 2x nìyẹn. Tí ẹ̀yin náà bá ti ń ṣírò owó tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí ná.

Converter kò ju agolo kékeré tó ní gíláàsì nínú lọ. Àárín kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì ni wọ́n ń fi í sí. 1.4x á sọ 200mm di 280mm, 2x á sọ ọ́ di 400mm. Àmọ́ kò fi nǹkan kan kún ohun tí lẹ́ǹsì yín rí, àárín àwòrán yẹn náà ló kàn ń fẹ̀ lójú. Ó dà bí ìgbà tí àlejò dé lójijì tí ẹ bu omi sí ọbẹ̀ kó lè kárí. Ọbẹ̀ tó bá ki dáadáa, omi ìgbákọ kan ò lè pa á lára. Èyí tó ti ṣàn tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Omi ata lẹ ó máa fi jẹ ẹ̀bà.

Ìmọ́lẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dín kù. 1.4x á gba ìdajì rẹ̀, f/2.8 á di f/4. 2x á gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, f/2.8 á di f/5.6. Tí mo bá ń rí shutter speed 1/1000 (kámẹ́rà ṣí fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) ní ISO 400 (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ tó rí ga) láìsí converter, tí mo bá ti ki 2x bọ̀ ọ́, ISO 1600 ni màá lò kí n tó rí 1/1000 yẹn. Bẹ́ẹ̀ 1/1000 kì í ṣe àṣejù fún ẹyẹ tó ń fò. Tó bá lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹ́ á fà bí ẹni fi ọwọ́ pa tádàwà tí kò tíì gbẹ.

Èkejì ni autofocus, bí kámẹ́rà ṣe ń fúnra rẹ̀ wá ohun tó fẹ́ mú kó lè mọ́ kedere. Ẹyẹ apẹja kan wà ní Ẹlẹ́yẹlé, dúdú òun funfun ni. Ó lè dúró sójú kan lófuurufú lókè omi, ìyẹ́ ń jù fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀, orí ò mì rárá, ojú wà lára ẹja nísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ náà ni, ó ti já ṣòòròṣò sínú omi. Gbogbo ìgbà tó fi dúró yẹn, lẹ́ǹsì mi pẹ̀lú 2x ń wá a kiri: ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Nígbà tó máa mú un, igi tó wà lódìkejì omi ló mú. Mo ní fọ́tò igi yẹn tó mọ́ bí kíní, ó tó mẹ́rìnlá.

Ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ wa wá yá mi ní lẹ́ǹsì gígùn kan, Sigma 150-600mm Contemporary, fún ọ̀sẹ̀ kan. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú tẹ́lẹ̀ ni pé converter fúyẹ́, pé mi ò lè máa gbé lẹ́ǹsì gígùn kiri. Mo bá gbé e lé ìwọ̀n. Canon 70-200mm f/2.8 tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan ààbọ̀. Tí 2x bá wà lára rẹ̀, ó ń lọ sí kílò 1.8. Sigma yẹn kò ju kílò 1.9 lọ. Ẹrù tí mo ní mò ń sá fún, ó ti wà léjìká mi látọjọ́ yìí! Tòótọ́ ni pé f/6.3 ni Sigma jẹ́ tí a bá nà án dé 600mm, tí tèmi pẹ̀lú 2x jẹ́ f/5.6, ṣùgbọ́n 2x tèmi kì í mọ́ àfi tí mo bá dín ojú lẹ́ǹsì kù dé f/8. Kí wá ni èrè f/5.6 yẹn?

Ẹni tí converter yẹ ni ẹni tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ki bí ọbẹ̀ tí mo wí: 300mm f/4, 300mm f/2.8, tàbí 70-200mm f/2.8 tiwa yìí. Kí olúwarẹ̀ sì ra 1.4x, kó fi 2x sílẹ̀ ná. 300mm f/4 tó di 420mm f/5.6 ṣì ń fojú rí nǹkan. Ẹni tó ti ní 150-600mm, kó má dàmú ara rẹ̀. F/6.3 pẹ̀lú 1.4x ti di f/9. Kámẹ́rà Canon 7D Mark II mi, f/8 ni autofocus rẹ̀ ń dé, ojú kan ṣoṣo láàárín ló sì ń lò níbẹ̀. Àwọn kámẹ́rà mirrorless tuntun (èyí tí kò ní dígí nínú) ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn tí owó yín bá ká a.

Ẹni tí lẹ́ǹsì rẹ̀ jẹ́ 18-55mm tàbí 55-250mm tó bá kámẹ́rà wá, converter Canon ò tilẹ̀ wọ̀ ọ́. Gíláàsì iwájú converter yẹn yọ síta, ẹ̀yìn lẹ́ǹsì ló máa gbá. Ọmọ iṣẹ́ mi kan fi tipátipá fẹ́ ki tèmi bọ 50mm nígbà tí mi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ilà tó fà sójú gíláàsì yẹn ṣì wà níbẹ̀. "Ẹ má bínú, mà, mo rò pé ó le díẹ̀ ni."

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, iṣẹ́ kan wà tí converter ń ṣe tó wù mí. Kì í yí bí ẹ ṣe lè súnmọ́ nǹkan tó padà. Lẹ́ǹsì tó ń mú nǹkan láti mítà 1.2, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì máa mú un, nǹkan ọ̀hún ló máa tóbi sí i. Ẹyẹ bíńtín tó ń fa oje òdòdó lójúde mi, 2x ni mo fi ya aṣọ ọrùn rẹ̀ tó ń dán bí àrán.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn. Tí ẹ bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn nínú rẹ̀, ó ti bu nìyẹn, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé agolo mílíìkì ka orí fẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ jìnnà sí i ní mítà 15, kámẹ́rà lórí tripod. Ẹ yà á láìsí converter, ẹ yà á pẹ̀lú converter. Ẹ wá gé ti àkọ́kọ́ títí agolo méjèèjì á fi tóbi bákan náà, kẹ́ ẹ ka àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ ara rẹ̀. Tí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ fi owó yín sápò. Kámẹ́rà tó jẹ́ mílíọ̀nù 20 píksẹ́lì, tí ẹ bá gé e tó bí 2x ṣe máa fẹ̀ ẹ́, mílíọ̀nù 5 ṣì kù, ìyẹn sì tó tẹ fọ́tò 5 by 7.

Nínú igbó tó wà lọ́gbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn níbí, ẹ má tilẹ̀ mú converter dání. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kéré. Mo ṣì ń wá Ibadan malimbe níbẹ̀, ẹbí ẹ̀gà ni, dúdú tí orí rẹ̀ pọ́n, tí onímọ̀ ẹyẹ kan tó ń jẹ́ Elgood kọ́kọ́ ṣàlàyé lọ́dún 1958. Apá ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà níbí nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n láyé, ó sì ti ń ṣọ̀wọ́n. Orí igi ló ń gbé, 1/60 ni kámẹ́rà mi ń fún mi lábẹ́ igi náà. Mi ò tíì rí i yà.

Nígbà ọyẹ́, tàbí tí oòrùn bá ti mú lójú omi, lẹ́ǹsì gígùn ò yàtọ̀ sí converter. Afẹ́fẹ́ á máa jó láàárín yín, fọ́tò á rí bí ohun tí a wò láti ẹ̀yìn ooru àdògán. Aago méje sí mẹ́sàn-án ni tèmi.

Apẹja kan ló bá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti ń wò mí tipẹ́. "Ìyá oníkámẹ́rà, ṣé ẹ̀ ń bẹ̀rù ẹyẹ ni, tẹ́ ẹ fi dúró lọ́ọ̀ọ́kán?" Mo san ẹgbẹ̀rún méjì náírà fún un, mo wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́ ò jẹ́ nǹkan kan lójú àwọn lékeléke. Wọ́n jẹ́ ká sún mọ́ wọn débi tí 200mm lásán fi kún dé etí. Bá a ṣe gúnlẹ̀, ó ní kí n fi fọ́tò òun náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp, òun ò fẹ́ tẹyẹ nìkan.