Ẹ má fọ́n yúríà sórí koríko tó tutù
Ẹ̀yin ará ilé, okun o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ́n yúríà (ajílẹ̀ oníhóró funfun) sí koríko iwájú ilé, ẹ jẹ́ kí òjò dá, kí ewé gbẹ ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ṣì ní ọ̀rinrin, kẹ́ ẹ wá fọ́n ọn, kẹ́ ẹ sì bomi rin ín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Hóró funfun yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ ewé tútù ni, á fa omi ara ẹ̀, ibẹ̀ á wá pupa bíi pé iná jó o. Kílò 1 ti tó fún ilẹ̀ mítà 10 sí mítà 10, ẹ dákun ẹ pín in sí méjì, ìdajì lónìí, ìdajì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, torí òjò ìlú Kàbà nínú oṣù kẹsàn-án, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, gọ́tà ló máa gbé gbogbo ẹ̀ lọ. Àmọ́ tí ọyẹ́ bá ti dé tí kànga sì ti ń gbẹ, ẹ fi sílẹ̀ dìgbà òjò.